Àyè Kì í Ṣe Ohùn: Ìtàn Àròsọ tí Ọmọ Yorùbá Ń Kọ Nílùú Àjòjì àti Ìbéèrè tó Kan Àríwá Èkìtì

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òwe yìí gbóríyìn fún ìrìnàjò, nítorí ọ̀pọ̀ ohun ló wà tí ojú kò lè rí àfi bí ẹsẹ̀ bá gbé e débẹ̀. Àwọn Yorùbá kan náà ló sì tún sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àárín òwe méjèèjì yìí ni òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ tó wà nílùú àjòjì ń gbé. Ìlú náà tù ú lára. Iná mànàmáná kì í ṣẹ́jú, ilé ìkàwé ṣí sílẹ̀ di alẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n débi tí yóò fi ránṣẹ́ pè é sí ìsọmọlórúkọ tàbí ìsìnkú. Síbẹ̀, nígbà tó bá jókòó ti tábìlì tó mú gègé, ilé ni ọkàn rẹ̀ ń lọ.

Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé: kí ni ìlú àjòjì ń fún ẹni tó ń kọ ìtàn àròsọ, kí sì ni kò lè fún un? Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ìbéèrè náà kàn, ṣùgbọ́n ó kan àríwá Èkìtì lọ́nà tirẹ̀. Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn ìlú tó yí wọn ká, ẹ̀kọ́ ìwé ti di ọ̀nà tí ọmọ ń gbà jáde nílé. Ẹni tó kàwé a máa lọ sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Ẹni tó bá tún kà á síwájú a máa sọdá òkun. Láti ọdún 2011 tí a ti dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tí ọgbà rẹ̀ kan sì wà ní Ìkọ̀lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbèrò láti kọ ìtàn àròsọ tàbí láti ṣe lámèyítọ́ rẹ̀ ń pọ̀ sí i lágbègbè náà, ìwé ìgbaniwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń retí. Kí wọ́n tó gbéra, ó yẹ kí wọ́n mọ ohun tó ṣeé bá níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé dání.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí dúró lé ni pé ìlú àjòjì a máa fún òǹkọ̀wé ní àyè, ṣùgbọ́n kì í fún un ní ohùn. Àyè túmọ̀ sí àkókò, ìdákẹ́jẹ́ àti ìjìnnà tó ń jẹ́ kí ènìyàn rí ilé rẹ̀ ní odidi. Ohùn túmọ̀ sí bí àwọn ẹ̀dá-ìtàn ṣe ń sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn, ohun tí wọ́n ń sọ jáde àti ohun tí wọ́n ń fi sínú. Àpẹẹrẹ àwọn òǹkọ̀wé tí a mọ̀ dáadáa ni yóò fi èyí hàn.

Òpìtàn Ìkọ̀lé àti ìwé tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù

Ó dára kí a kọ́kọ́ wo ẹni tí kì í ṣe òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ, nítorí ìyàtọ̀ tó wà láàárín iṣẹ́ rẹ̀ àti ti òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni a ti bí Jacob Festus Adéníyì Àjàyí ní ọdún 1929. Ó di ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn òpìtàn tó kọ́kọ́ fi ojú ọmọ Áfíríkà wo ìtàn Áfíríkà. Ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ló ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1958, iṣẹ́ ìwádìí yẹn náà ló sì di ìwé rẹ̀ lórí àwọn míṣọ́nnárì ní Nàìjíríà láàárín ọdún 1841 sí 1891, èyí tó jáde ní ọdún 1965.

Lára ohun tí Àjàyí nílò fún iṣẹ́ náà ni lẹ́tà, ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ àti àbọ̀ iṣẹ́ tí àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ajíhìnrere ọmọ Áfíríkà fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ wọn. Àwọn ìwé wọ̀nyí kò sí ní Ìkọ̀lé. Lọ́ńdọ̀nù ni ìjọ CMS kó wọn jọ sí. Nítorí náà, bí ọmọ Ìkọ̀lé bá fẹ́ mọ ohun tí Samuel Ajayi Crowther kọ nípa iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́bàá odò Ọya, ó di dandan kó wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú òyìnbó. Fún òpìtàn, ìlú àjòjì lè jẹ́ àká tí wọ́n tọ́jú ìtàn ilé sí.

Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ kò ní irú àká bẹ́ẹ̀. Kò sí ilé ìkówèésí kan ní ilẹ̀ òyìnbó tí a ti lè yá bí ìyá àgbà ní Ìkọ̀lé ṣe ń jí ọmọ ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, tàbí bí ìyàwó àfẹ́kẹ́yìn ṣe ń dá ìyálé lóhùn nígbà tó bá ń bínú tí kò fẹ́ kó hàn. Ohun tí òpìtàn lọ bá ní òkèèrè, ilé ni òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ fi í sí nígbà tó ń lọ. Ẹni tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí lè rò pé bí òun ṣe ń dé ìlú tó dára ni ìtàn yóò máa ṣàn bí omi.

Fágúnwà: ìlú òyìnbó lọ́tọ̀, igbó lọ́tọ̀

Bí ó bá kan ìtàn àròsọ ní èdè Yorùbá gan-an, D. O. Fágúnwà ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Ọmọ Òkè-Igbó ni, ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀, sì jáde ní ọdún 1938. Lẹ́yìn ìyẹn, ó rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó yẹ kí lámèyítọ́ fiyè sí ni bí ó ṣe pín ohun tó rí lọ́hùn-ún àti ohun tó ń rò lọ́kàn sí ọ̀nà méjì. Ìrìnàjò, Apá Kìíní, jáde ní ọdún 1949, Apá Kejì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1951. Àkọsílẹ̀ ìrìnàjò ni àwọn ìwé wọ̀nyí, tí ó fi ń ròyìn ilẹ̀ òyìnbó fún àwọn tó wà nílé. Ṣùgbọ́n ọdún 1949 yẹn kan náà ni Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó jáde, kò sì sí èyí tó jẹ́ ìtàn ìgboro ìlú òyìnbó nínú méjèèjì. Igbó, ọdẹ, iwin àti ọgbọ́n àgbà ló kún inú wọn.

Fágúnwà kò sọ ìlú àjòjì di ibùdó-ìtàn. Ó fún un ní irú ìwé tó tọ́ sí i, ó sì fi ìtàn àròsọ sílẹ̀ sí ibi tí ohùn rẹ̀ wà. A lè sọ pé ó mọ̀ pé ojú lè ròyìn ohun tó rí láàárín oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ̀dá-ìtàn tó lè sọ̀rọ̀ tí yóò ta gbòǹgbò, ó nílò ohun tó ju ìríran lọ. Ìpínyà yìí ni ìdáhùn àkọ́kọ́ sí ìbéèrè wa, ìdáhùn tó fi ìkíyèsára hàn.

Edinburgh àti Cambridge: ọ̀nà méjì tí àyè gbà ṣiṣẹ́

Kọ́lé Ọmọ́tọ́ọ̀ṣọ́ gba ọ̀nà mìíràn. Àkúrẹ́ ni a ti bí i ní ọdún 1943, ní ìlú tí ọba rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọba tí a ń kà mọ́ Èkìtì láyé àtijọ́. Lẹ́yìn tó kàwé gboyè ní Ìbàdàn, ó lọ sí Yunifásítì Edinburgh fún iṣẹ́ ìwádìí lórí lítíréṣọ̀ èdè Lárúbáwá òde òní. Kó tó parí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé náà ní ọdún 1972, ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, The Edifice, ti jáde ní ọdún 1971. Ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Nàìjíríà kan ni, tó wà ní Bìrìtéènì, tó ń kojú ìyà àwọ̀, tó fẹ́ obìnrin òyìnbó, tó sì mú un bọ̀ nílé.

Ọmọ́tọ́ọ̀ṣọ́ kò ṣe bíi Fágúnwà. Ìlú àjòjì fúnra rẹ̀ ló sọ di ìtàn. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe kò ṣòro láti rí. Ẹ̀dá-ìtàn tó yàn jẹ́ àlejò bíi tirẹ̀, ohùn àlejò sì ni ohùn kan ṣoṣo tí àlejò lè fi sọ̀rọ̀ ìlú àjòjì láìpurọ́. Kò gbìyànjú láti sọ ohun tí ọmọ onílé ń rò níbi tí àlejò kò lè wọ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fi ìlú tó ń gbé ṣe ibùdó-ìtàn: kó kọ̀wé láti ẹnu ọ̀nà tí ó dúró sí gan-an.

Ti Wọlé Ṣóyínká tún yàtọ̀. Eré oníṣe ni iṣẹ́ rẹ̀ tí a fẹ́ mẹ́nu bà, kì í ṣe ìtàn àròsọ ọlọ́rọ̀ geere, ṣùgbọ́n ó wúlò fún àlàyé yìí. Ní ọdún 1973 sí 1974, ó wà ní Churchill College ní Cambridge. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ kò gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lórí lítíréṣọ̀ Áfíríkà wọlé. Ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn àti àwùjọ ló gbà á. Ère Winston Churchill kan wà lẹ́bàá àtẹ̀gùn tí ó ń gbà kọjá, Ṣóyínká sì ti sọ ọ́ ní gbangba pé ère náà wà lára ohun tó ru òun sókè láti kọ Death and the King's Horseman, tó jáde ní ọdún 1975.

Ìtàn Cambridge kọ́ ni ìwé náà sọ. Ọ̀yọ́ ni, ìtàn Ẹlẹ́ṣin tó yẹ kó bá ọba rẹ̀ lọ, ìtàn tí Dúró Ládiípọ̀ ti fi ṣe eré Ọba Wàjà ní ọdún 1964. Ìlú àjòjì fún Ṣóyínká ní ìjìnnà, ó sì fún un ní ìbínú díẹ̀, nítorí ojoojúmọ́ ló ń rí àmì agbára tó ti ṣàkóso ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n òwe, oríkì àti àwàdà ọjà tó kún ẹnu Ẹlẹ́ṣin àti Ìyálọ́jà, kò sí èyí tó wá láti Cambridge. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ eré náà sí Yorùbá gẹ́gẹ́ bí Ikú Olókùn-Ẹṣin ní ọdún 1994. Bíyì Bándélé, tí òun náà ti gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀pọ̀ ọdún, sì darí fíìmù rẹ̀ ní èdè Yorùbá, èyí tó jáde ní ọdún 2022 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Iṣẹ́ tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ nílùú Gẹ̀ẹ́sì padà wọ inú Yorùbá bí ẹni tó dé ilé bàbá rẹ̀, nítorí pé inú Yorùbá ni ohùn rẹ̀ ti wá.

Norwich àti Prague: ẹrù tí a dì àti ilé tí a kọ́

Nínú àwọn òǹkọ̀wé ìsinsìnyí, àpẹẹrẹ méjì tó dúró ní òdìkejì ara wọn ni Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ àti Helen Oyèyẹmí.

Adébáyọ̀ kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kó tó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìtàn kíkọ ní Yunifásítì East Anglia ní Norwich, ìlú kékeré tó tura, tí àjọ UNESCO fi jẹ Ìlú Lítíréṣọ̀ ní ọdún 2012. Ìwé rẹ̀ Stay With Me jáde ní ọdún 2017. Iléṣà ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ jù, láàárín ọdún 1980 sí 1989, nínú ilé tọkọtaya kan tí àìrọ́mọbí ń dà láàmú. Ṣùgbọ́n Norwich kọ́ ló bí ìwé náà. Ní ọdún 2013 ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wọ àárín àwọn tí a yàn fún ìdíje Kwani? ní Kẹ́ńyà, èyí sì fi hàn pé ìtàn náà ti ní ara àti egungun nígbà tí òǹkọ̀wé fi ń jókòó ní kíláàsì nílẹ̀ òkèèrè. Ohun tí Norwich lè fún un ni àwọn òǹkàwé tó le, àkókò láti tún un kọ, àti ìdákẹ́jẹ́. Ìtàn Olúróḿbí tó wà nínú ìwé náà, ìyàálé tó ń fi ẹ̀rín bo ìkorò mọ́lẹ̀, àwọn ìbátan ọkọ tó ń wọlé láìkànlẹ̀kùn, ẹrù tí ó dì láti ilé ni gbogbo wọn.

Ọ̀nà tirẹ̀ ni Oyèyẹmí gbà. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n gbé e láti Nàìjíríà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, The Icarus Girl, tó kọ nígbà tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, tó sì jáde ní ọdún 2005, gbé ọmọdébìnrin kan láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí ilé bàbá ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ Yorùbá nípa ìbejì ní abẹ́ ìtàn náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó kó lọ sí Prague ní ilẹ̀ Czech, ìlú mìíràn tí UNESCO fi jẹ Ìlú Lítíréṣọ̀, ní ọdún 2014. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó kọ Parasol Against the Axe, tó jáde ní ọdún 2024, níbi tí ìlú Prague fúnra rẹ̀ ti ń sọ ìtàn.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni gígùn àkókò. Adébáyọ̀ lo ìlú àjòjì gẹ́gẹ́ bí yàrá tí a yá fún iṣẹ́; ó ṣe iṣẹ́ tán, ìtàn ilé ló gbé jáde. Oyèyẹmí sọ ìlú àjòjì di ilé, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì gbà kó tó jẹ́ kí ìlú náà la ẹnu. Nínú àpẹẹrẹ méjèèjì, kò sí ẹni tó bá ohùn nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnì kan gbé tirẹ̀ dání. Ẹnì kejì fi ọdún pípẹ́ ra òmíràn.

Bí ó ti rí nìyí fún Ámọ́sì Tutùọlá pẹ̀lú. Ní ọdún 1983, ètò àwọn òǹkọ̀wé àgbáyé tó wà ní Iowa City ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1967 gbà á lálejò. Ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ni nígbà náà, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí The Palm-Wine Drinkard ti jáde, ní ọdún 1952. Èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń rìn bí Yorùbá, tí àwọn kan fi bú u tí àwọn mìíràn fi yìn ín, ti dúró sára rẹ̀ kí Iowa tó mọ orúkọ rẹ̀.

Ohùn àríwá Èkìtì

Nígbà tí a bá gbé ọ̀rọ̀ yìí padà sí Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, ìṣòro kan yọjú tí kò le tó bẹ́ẹ̀ fún ọmọ Ọ̀yọ́ tàbí Ìbàdàn. Yorùbá àjùmọ̀lò tí a fi ń kọ̀wé sún mọ́ èdè Ọ̀yọ́ ju ti Èkìtì lọ. Nítorí náà, ọmọ Èkìtì tó fẹ́ kọ ìtàn ti kúrò nílé lẹ́ẹ̀kan kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú rárá. Bí ó bá fi Yorùbá àjùmọ̀lò kọ ọ́, ó ti rin ìrìnàjò kan. Bí ó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ ní Norwich tàbí Iowa, ìrìnàjò kejì nìyẹn.

A lè fi àpẹẹrẹ díẹ̀ hàn bí ohun tó ń sọnù lọ́nà ṣe tó. Níbi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ní ilé, ìlú àti iṣu, Èkìtì ní ulé, ùlú àti uṣu. Níbi tí a ti ń kọ èlùbọ́ àti orúkọ, ọ̀pọ̀ ará Èkìtì a máa pè é ní ẹ̀lùbọ́ àti ọrúkọ, nítorí pé ìbáramu fáwẹ́ẹ̀lì lágbára lẹ́nu wọn ju bó ṣe wà nínú èdè ìwé lọ. Àwọn ẹ̀ka-èdè Èkìtì kan tún ní fáwẹ́ẹ̀lì tí álífábẹ́ẹ̀tì wa kò ní lẹ́tà fún. Òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí òǹkàwé gbọ́ ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ dáadáa kò ní ohun tí yóò fi kọ gbogbo ohùn náà sílẹ̀.

Èyí tó gba àròjinlẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọmọ kò gbọdọ̀ pe bàbá rẹ̀ ní ìwọ, ẹ̀yin ni. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka-èdè Èkìtì, arọ́pò-orúkọ ẹlẹ́yọ ni ọmọ fi ń bá àgbà sọ̀rọ̀, kò sì sí àfojúdi kankan níbẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà nínú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, nínú oríkì, nínú bí ohùn ṣe rọlẹ̀. Kí òǹkọ̀wé tó fẹ́ gbé ìsọ̀rọ̀gbèsì ọmọ Ìkọ̀lé àti bàbá àgbà rẹ̀ kalẹ̀ wá ṣe báwo? Bí ó bá lo ẹ̀yin, ó ti sọ ilé náà di ilé Ọ̀yọ́. Bí ó bá lo ìwọ láìṣàlàyé, òǹkàwé láti ibòmíràn yóò rò pé ọmọ náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Bí ó bá sì kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, ìṣòro náà yóò dà bí ẹni pé ó ti parí, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò parí. Ó kàn di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí mọ́ ni.

Nílé, àwọn tó yí òǹkọ̀wé ká ni yóò tún un ṣe. Bí ó bá ka abala kan sókè ní Ìrè tàbí Àyédé, ẹnì kan yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní, “Ta ní ń sọ̀rọ̀ báyẹn níbí?” Ẹ̀rín yẹn ni lámèyítọ́ àkọ́kọ́. Ní ìlú àjòjì, olóòtú tó ń ka iṣẹ́ rẹ̀ lè mọ ètò ìtàn dunjú, kó mọ ibi tí àhunpọ̀-ìtàn ti falẹ̀, kó sì mọ gbólóhùn tó gùn jù. Kò lè mọ̀ pé bàbá àgbà inú ìtàn náà kò jọ ará Èkìtì mọ́. Bí ìlú náà bá sì ṣe tura tó ni àìrí àṣìṣe yìí ṣe ń rọrùn tó, nítorí pé kò sí ohun kan ní àyíká tó ń ta òǹkọ̀wé lólobó.

Ohun tó ṣeé ṣe

Kì í ṣe pé kí ọmọ àríwá Èkìtì má lọ ni àlàyé yìí ń sọ. Àwọn àpẹẹrẹ tó ṣáájú fi hàn pé àyè wúlò. Láìsí ìjìnnà, bóyá Ọmọ́tọ́ọ̀ṣọ́ kì bá tí kọ ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, bóyá ìbínú tó bí Ẹlẹ́ṣin kì bá sì tí dìde. Ohun tó yẹ ni kí arìnrìn-àjò mọ ẹrù tí yóò dì.

Ẹrù àkọ́kọ́ ni ohùn àwọn àgbà. Fóònù tó wà lápò akẹ́kọ̀ọ́ tó láti gba ohùn ìyá àgbà sílẹ̀ fún wákàtí kan, nígbà tó bá ń sọ ìtàn ilé, nígbà tó bá ń ná ọjà, tàbí nígbà tó bá ń bínú. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni yóò di àká fún òǹkọ̀wé, bí lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì ṣe jẹ́ àká fún Àjàyí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kó tirẹ̀ jọ, nítorí kò sí ìjọ kankan tó ń bá a kó o.

Ẹrù kejì ni òǹkàwé kan nílé. Ó tó kó jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo, tí òǹkọ̀wé lè pè lórí fóònù, kó ka ìsọ̀rọ̀gbèsì sí i létí, kó sì dákẹ́ láti gbọ́ bóyá yóò rẹ́rìn-ín. Ẹrù kẹta ni ìpinnu lórí èdè, kó ti ṣe é kó tó lọ. Ìlú àjòjì kì í fi ipá mú ẹnikẹ́ni kọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ètò tó gbà á lálejò, kíláàsì tó wà, àti àwọn tó ń tẹ ìwé, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wọn ń sọ. Ẹni tí kò bá ti pinnu yóò bá ara rẹ̀ níbi tí ìṣàn omi gbé e lọ.

A kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé ìlú tó tura kò di dandan kó jẹ́ ti òkèèrè. Ní Ìsẹ́yìn, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Wálé Òkédìran dá ilé kan sílẹ̀ ní ọdún 2010 tí a fi orúkọ òkè Ẹbẹdí pè, níbi tí òǹkọ̀wé láti Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà ti ń gbé fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ láti kọ̀wé láìsí ìdíwọ́. Àyè tí Norwich ń fún ni, Ìsẹ́yìn náà lè fún ni. Ohun tó sì yẹ kí àríwá Èkìtì kíyè sí ni pé fún akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Èkó, Kàdúná tàbí Calabar sí Ọ̀yẹ́, ìlú àjòjì ni Ọ̀yẹ́ jẹ́. Ó gbọ́ ulé fún ilé fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí ọmọ tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀ láìlo ẹ̀yin, ó yà á lẹ́nu. Etí àlejò bẹ́ẹ̀ a máa gbọ́ ohun tí etí onílé ti gbọ́ sú. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ àlejò àti akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ onílé bá jókòó sí kíláàsì ìtàn kíkọ kan náà ní Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, ọ̀kan mú ìjìnnà wá, èkejì mú ohùn wá.

Ìgúnlẹ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé ìlú àjòjì a máa ṣe iṣẹ́ tó yàtọ̀ síra fún òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan. Fágúnwà fi í sínú àkọsílẹ̀ ìrìnàjò, ó sì fi igbó sílẹ̀ fún ìtàn àròsọ. Ọmọ́tọ́ọ̀ṣọ́ kọ ọ́ láti ojú àlejò. Ṣóyínká fi ìjìnnà rẹ̀ wo Ọ̀yọ́. Adébáyọ̀ lò ó láti parí ìtàn tó ti gbé kúrò nílé. Oyèyẹmí gbé inú rẹ̀ títí ó fi di ilé. Àyè ló fún gbogbo wọn. Ohùn ni olúkúlùkù wá fúnra rẹ̀.

Fún àríwá Èkìtì, ohun tó wà nínú ewu kò kéré. Àwọn àgbà tó ń sọ ẹ̀ka-èdè Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó láìdà á pọ̀ mọ́ èdè ìwé ń dínkù, àwọn ọmọ tó lè kọ ìtàn wọn sì ń lọ sókè òkun. Bí àwọn tó ń lọ bá gbé ohùn náà dání, ibi tó wù kí wọ́n jókòó sí kọ ọ́, ìtàn Èkìtì ni yóò jẹ́. Bí wọn kò bá gbé e dání, ìwé tó dára lè jáde láti ìlú tó dára, kí orúkọ Ìkọ̀lé wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ará Ìkọ̀lé kà á tán, kó sì béèrè pé ìlú wo nìyí.